Yàrá Kan ní Agbowó

Èmi gan-an ni mo ṣe é. Ẹ má wá a lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.
Oṣù Ọ̀wàrà ni, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń hó,
mo fi iṣẹ́ mi kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì
láàárín aago mẹ́wàá sí mẹ́wàá ààbọ̀.
Níbi tí wọ́n ti bi mí pé,
"Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí wà níwájú olóòtú mìíràn?"
mo tẹ "Rárá".
Ìka mi kò gbọ̀n.

Kànga mẹ́tàdínlógójì ni iṣẹ́ náà,
láti Fọ́kọ́ dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Mo mọ okùn ìfami wọn, mo mọ ọmọrí páànù wọn,
mo mọ ìyá tó ní kí n bọ́ bàtà
kí n tó súnmọ́ kànga tí ọkọ òun gbẹ́.
Omi náà kò purọ́ fún mi.
Èmi ni mo fi í purọ́.

Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná. Ìgbéga ku oṣù mẹ́jọ.
Jọ́nà a gba iṣẹ́ ẹni tán,
a dákẹ́ bí ilé tí onílé ti rìnrìn àjò,
ọdún á yípo, kò ní fọhùn.
Ládépò tí a jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà
ti di àgbà olùkọ́, ó ti kun ọ́fíìsì rẹ̀.
Mo ní, ọ̀nà kan ò wọjà.
Mo ní, ta ni yóò mọ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Òjélabí ló mọ̀.
Ó ti fẹ̀yìn tì sí Mọ̀níyà, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń ṣú,
kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún un.
Jọ́nà kìíní fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ sí i.
Ó fi alẹ́ mẹ́rin kà á, tòun ti awò tòun ti tọ́ọ̀ṣì,
ó tún ìṣirò ojú ewé kẹsàn-án ṣe, ó rí àṣìṣe kan.
Lọ́jọ́ karùn-ún, jọ́nà kejì kan ilẹ̀kùn rẹ̀:
kànga mẹ́tàdínlógójì,
àṣìṣe kan náà, ojú ewé kẹsàn-án.
Wọ́n ti yọ orúkọ mi kúrò,
àmọ́ òun ló kọ́ mi bí a ti ń díwọ̀n omi. Ó mọ ọwọ́ mi.

Ó pè mí. Ó ní ìpè yìí pàápàá kò bófin mu,
òun yóò sọ ìyẹn náà fún àwọn olóòtú.
Ó wá ní, "Ọmọ mi, èwo ni kí n kà nínú méjèèjì?"
Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

Agbowó ló sọ sí mi lọ́kàn.
Ọdún kejì mi ní yunifásítì, bàbá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀,
ẹ́jẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gba owó ọdún kan,
ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó fún Bísóyè náà ní kọ́kọ́rọ́.
A pàdé lẹ́nu ọ̀nà: èmi ru mátírẹ́ẹ̀sì,
òun gbé sítóòfù àti korobá.
A jókòó sórí ẹrù wa títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo ṣépè fún ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.
N kò mọ̀ pé èpè máa ń mọ ojúlé.

Mo kọ̀wé sí olóòtú méjèèjì.
N kò kọ "ẹ jọ̀ọ́, ó ṣèèṣì ni". Mo kọ "mo mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é".
Ọ̀kan ní kí n má yọjú fún ọdún mẹ́ta.
Èkejì kò tíì fèsì; bóyá kò ní fèsì.
Ìgbéga ré mi kọjá. Ládépò ní kí n pẹ̀lẹ́.

Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Fọ́kọ́.
Ìyá ọjọ́sí ń fọ ìkòkò. Kò wo ojú mi.
Ó ní, "Omi wa ńkọ́? Ṣé ó ṣeé mu?"
Èsì rẹ̀ ò tíì sí nínú ìwé kankan.
Mo bọ́ bàtà mi,
mo jókòó tì í, mo sọ fún un.